Kí Ọyẹ́ Tó Dé: Bí A Ṣe Ń Ya Ìràwọ̀ àti Àpáta ní Agbègbè Àbújá

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé kámẹ́rà jáde láti ya ìràwọ̀, mo ya àwòrán mẹ́tàlélógójì. Nígbà tí mo délé tí mo kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn dà bí iná àdúgbò tí èèyàn ń wò láti ẹ̀yìn gíláàsì tí èéfín bò. Inú oṣù Kìíní ni, ọyẹ́ mú gan-an, òṣùpá sì ku díẹ̀ kó kún. Mo bínú sí kámẹ́rà náà. Tòkunbọ̀ ni, mo ní òkú ọjà ni wọ́n tà fún mi. Bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà kò ṣẹ̀. Èmi ni mo mú alẹ́ tí kò dáa, èmi náà ni mo tún fi lẹ́ǹsì sílẹ̀ kó máa wá ohun tó fẹ́ wò fúnra rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ohun tí mo ti rí kọ́ láti ìgbà náà ni mo fẹ́ kọ síbí, fún ẹni tó ń gbé Àbújá, Mínà, Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì, tó ní kámẹ́rà tí kì í ṣe ti olówó ńlá, tàbí fóònù tó ṣeé ṣètò fúnra ẹni. Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà tí ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́ ló kọ ọ́. Ojú ọ̀run tiwa yàtọ̀, ewu tiwa náà yàtọ̀.

Alẹ́ ni ká kọ́kọ́ yàn

Nǹkan méjì ló ń ba alẹ́ jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ ya ìràwọ̀: òṣùpá àti eruku.

Ti òṣùpá rọrùn, pàápàá lókè Ọya níbí. Ọ̀pọ̀ kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri ló ní ọjọ́ oṣù Lárúbáwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òyìnbó. Bí ẹ kò bá ní, ẹ bi mai gádì yín, á sọ fún yín láì wo ibì kankan. Láti ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù náà títí di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin oṣù tó tẹ̀ lé e, òkùnkùn tó tó fún ìràwọ̀ wà. Ní ọjọ́ kẹrìnlá sí ìkẹrìndínlógún, bí oòrùn ṣe ń wọ̀ ni òṣùpá ń yọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì wà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ojoojúmọ́ ló ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ sí i kó tó yọ. Nítorí náà, bó bá di ọjọ́ kejìlélógún, ẹ ṣì lè rí wákàtí mẹ́rin lò kó tó dé.

Alẹ́ òṣùpá náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ o. Bí òṣùpá bá ti tó ìdajì, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sára àpáta, igi àti òrùlé, àwòrán ilẹ̀ á sì jáde bí ọ̀sán tí wọ́n rẹ láró díẹ̀. Ìràwọ̀ tó tóbi nìkan ló máa hàn, ìyẹn sì tó nígbà míì.

Ẹni tí kò tíì ya nǹkan lóru rí, ọjọ́ kẹta oṣù Lárúbáwá ni mo máa ní kó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òṣùpá tẹ́ẹ́rẹ́ bá wà ní ìwọ̀-oòrùn, tí àgùàlà sì wà nítòsí rẹ̀. Àwọn àgbà ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Kì í bá a rìn ní gbogbo ìgbà; oṣù míì wà tó jẹ́ pé ìdájí ló ń yọ, torí náà ẹ wo áàpù Stellarium kí ẹ tó jáde, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì pẹ̀lú ISO 400 (ISO ni nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó), àwòrán ti jáde. Ẹ ò tilẹ̀ ní láti kúrò ní ẹ̀yìnkùlé yín.

Ti eruku ló le. Láti nǹkan bí àárín oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì, nígbà míì títí wọ oṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ibi tí adágún omi ńlá kan gbẹ sí láyé àtijọ́. Nígbà tí eruku yìí bá dé, ìràwọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run á pòórá pátápátá, ti àtàrí nìkan ló kù. Òjò ló sì ń fọ̀ ọ́ kúrò. Láàárín oṣù Kẹfà sí ìkẹsàn-án, ìkùukùu kì í jẹ́ ká rímú mí, àfi bí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí ojú ọ̀run sì là fún wákàtí bíi méjì. Bí irú rẹ̀ bá bá yín nílé, ẹ sáré jáde, ojú ọ̀run kì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ míì.

Ìgbà méjì ló kù tí mo ń dúró dè lọ́dún. Èkínní ni ìparí oṣù Kẹwàá sí ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kọkànlá: òjò ti ń lọ, ọyẹ́ kò tíì dé. Oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, ilẹ̀ á ti ṣú pátápátá ní aago méje àbọ̀ kó tó lù. Ní àkókò yẹn, ìlà funfun bí èéfín tí wọ́n ń pè ní Milky Way á ti dúró ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ibi tó nípọn jù lára rẹ̀ á sì wà lókè títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ àbọ̀. Àkókò yìí ni mo fẹ́ràn jù lọ, torí pé ẹ lè ti délé kí aago mẹ́wàá tó lù.

Èkejì ni ìparí oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, láàárín òjò kan sí òmíràn. Ó lẹ́wà ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ń gba oorun lójú ẹni. Ní àárín oṣù Kẹrin, aago mọ́kànlá òru ni ibi tó nípọn yẹn ń yọ ní gúúsù ìlà-oòrùn, ó sì di nǹkan bí aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí kó tó dé ibi tó ga jù. Ibi tó ga jù yẹn ju ìdajì ọ̀nà sí àtàrí lọ fún wa níbí. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Yúróòpù kì í rí i ju etí ilẹ̀ lọ.

Ibi tí a ó dúró sí

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń ro àpáta Zuma. Èmi náà rò ó. Ó wà lẹ́yìn owó ọgọ́rùn-ún náírà tí Awólọ́wọ̀ wà níwájú rẹ̀, ó ga tó nǹkan bí 300 mítà láti ilẹ̀ tó yí i ká, kò sì sí ẹni tó gba ojú ọ̀nà Kàdúná kọjá tí kò yíjú wò ó. Ẹ lọ yà á ní ìrọ̀lẹ́. Inú ọyẹ́ gan-an ló dára jù fún irú èyí, torí pé eruku máa ń sọ oòrùn di àwo pupa ńlá kan tí àpáta dúdú dúró tì. Ẹ má fi lẹ́ǹsì tó ń fa nǹkan mọ́ra wo oòrùn náà tààrà pẹ̀lú ojú, ojú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà ni kí ẹ máa wò. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ kó ẹrù yín, ẹ máa lọ. Ojú ọ̀nà yẹn kì í ṣe ibi tí èèyàn ń jókòó sí lóru ka ìràwọ̀.

Yàtọ̀ sí ewu, Zuma kò tilẹ̀ dára fún Milky Way. Súlèjà àti Madalla wà nítòsí pẹ̀lú iná wọn, Àbújá fúnra rẹ̀ sì wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ máa rò rèé nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń yan ibì kan: ìhà gúúsù ni Milky Way tó nípọn máa ń wà, nítorí náà kí ìlú wà lẹ́yìn yín. Bwari wà ní àríwá ìlú. Bí ẹ bá dúró níbẹ̀ tí ẹ kọjú sí gúúsù, orí iná Àbújá gan-an lẹ ń wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja kọjá Gwagwalada lọ sí Kwali tàbí Abaji, ìlú ti bọ́ sẹ́yìn yín, òkùnkùn ló wà níwájú.

Kwali ni èmi ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé síbẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀. Ilé náà ní ọgbà, igi irúgbá ńlá kan wà lẹ́yìn ọgbà náà, òkúta mẹ́ta sì jókòó ti ara wọn bí àwọn àgbà tó ń ṣèpàdé. Ohun tí mo nílò kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti mọ̀ yín, kí ó ní ọgbà tàbí òrùlé pẹlẹbẹ, kí ẹ sì jẹ́ méjì ó kéré tán. Ẹ má wọ igbó lóru nítorí àwòrán.

Bí ó bá jẹ́ abúlé ni, ẹ lọ lọ́sàn-án kí ẹ rí mai angwa, ìyẹn olórí àdúgbò, ẹ kí i dáadáa, ẹ fi kámẹ́rà àti tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà dúró, hàn án. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọdẹ àdúgbò náà mọ̀. Mo fojú kéré èyí lẹ́ẹ̀kan. Mo wà lórí àpáta kékeré kan lẹ́yìn ilé, mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn ohun dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, iná pupa kékeré ń tàn níwájú mi. Ẹ wo bó ṣe máa rí lójú ẹni tó ń ṣọ́ àdúgbò. Ọmọkùnrin mẹ́rin yí mi ká pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti pónpó: "Me kake yi a nan?" Kí ni mò ń ṣe níbẹ̀? Haúsá mi sá lọ pátápátá. Mo kàn yí gíláàsì kámẹ́rà sí wọn. Wọ́n wo ìràwọ̀ náà, wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n tún wo gíláàsì. Ọ̀kan nínú wọn wá ní kí n ya òrùlé bàbá òun náà pẹ̀lú ìràwọ̀ lórí. Mo yà á o. Ó sì jáde dáadáa ju tèmi lọ.

Ní Àbújá gan-an, ẹ má kọ kámẹ́rà sí ìhà Aso Rock láti ìtòsí ilé ìjọba, tàbí sí bárékè, ibùdó ọlọ́pàá àti ibi àyẹ̀wò ojú ọ̀nà. Òfin kò gbà á, àlàyé kì í sì í wọ ẹni tó di ìbọn mú létí. Fún ará Jọ́ọ̀sì, ẹ ti jèrè: ìlú náà ga tó nǹkan bí 1,200 mítà lókè òkun, afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù, òkúta Riyom sì wà lẹ́bàá títì. Ìkìlọ̀ kan náà ló kàn yín.

Ẹrù

Kámẹ́rà tó ní M (ibi tí ẹ ti ń ṣètò gbogbo nǹkan fúnra yín), lẹ́ǹsì 18–55 tó bá a wá, tripod, bátìrì méjì. Tripod olówó pọ́ọ́kú ń mì bí atẹ́gùn bá fẹ́. Ẹ so àpò pure water márùn-ún sínú nylon mọ́ àárín rẹ̀, á dúró gbọn-in, ẹ ó sì tún rí omi mu. Ẹ wé nylon pupa mọ́ ojú tọ́ọ̀ṣì kan, torí iná funfun máa ń fọ́ ojú tó ti mọ́ òkùnkùn lára, ó sì ń tó ogún ìṣẹ́jú kí ojú tó tún padà bọ̀ sípò. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, torí àkeekèé.

Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta nígbà ọyẹ́. Mo ṣe é rí ní ìta gbangba, mo sì tún fi ẹnu fẹ́ inú kámẹ́rà láti lé eruku jáde. Itọ́ ló wọ ibẹ̀. Owó tí mo san fún ẹni tó bá mi nù ún, mi ò fẹ́ sọ ọ́ síta kí ìyàwó mi má baà kà á.

Kí ilẹ̀ tó ṣú

Ẹ dé ibẹ̀ ní aago márùn-ún. Oòrùn tiwa níbí ń já wálẹ̀ ṣánṣán ni, kì í rọra yẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti àwọn ará Yúróòpù. Ìdí nìyí tí àkókò aró yẹn, lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀ tí òkùnkùn kò tíì kún, kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ máa gbé tripod sí ní àkókò yẹn, ó ti parí.

Ẹ yan ohun tó máa wà níwájú àwòrán: igi tí kò léwé, òkúta, òrùlé, abà. Ìràwọ̀ nìkan láìsí ilẹ̀ nísàlẹ̀, gbogbo ayé ló jọra. Bí ẹ bá wà lọ́nà Kánò tàbí Katsina, igi ọṣẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò láfiwé. Ẹ ya ilẹ̀ náà nínú àkókò aró, ISO 100, kí gbogbo èèpo igi hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ má fọwọ́ kan tripod mọ́. Àwòrán ìràwọ̀ tí ẹ máa yà láti ojú kan náà lẹ máa fi lé e lórí nígbà tí ẹ bá délé.

Ìràwọ̀ gan-an

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà nìyí, ibẹ̀ ni mo ti pàdánù àwòrán mẹ́tàlélógójì. Ẹ yí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì láti AF, tí lẹ́ǹsì fi ń wá ohun tó fẹ́ wò fúnra rẹ̀, sí MF, tí ẹ̀yin fi ń yí i. Ẹ tan Live View kí ohun tí kámẹ́rà ń wò hàn lójú gíláàsì ẹ̀yìn. Ẹ darí rẹ̀ sí ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù, tàbí iná òpó kan tó jìnnà réré, ẹ sì tẹ bọ́tìnnì tó ń mú nǹkan tóbi títí yóò fi di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ wá máa yí òrùka lẹ́ǹsì díẹ̀díẹ̀. Ìràwọ̀ náà á kọ́kọ́ rí bí àkàrà, á wá rí bí ẹ̀wà, á rí bí ọkà bàbà, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ẹ dá a padà sí ọkà bàbà, kí ẹ lẹ òrùka náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú sẹ́lótéèpù. Ẹ má gbára lé àmì tí wọ́n kọ sára lẹ́ǹsì pé ibẹ̀ ni ọ̀nà jíjìn wà.

Lẹ́yìn ìyẹn: M, RAW (irú fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe), aperture, ihò inú lẹ́ǹsì, tó ṣí jù lọ (f/3.5 ni fún lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà wá), ISO 3200, White Balance, ìyẹn ètò àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, ní nǹkan bí 4000K. Ẹ pa ohun tó ń dènà ìmìtìtì lára lẹ́ǹsì, torí lórí tripod, òun gan-an ló ń mì. Ẹ lo timer ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ọwọ́ yín má baà gbo kámẹ́rà.

Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni kí shutter, ìlẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ kámẹ́rà, ṣí? Ìṣirò tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé kí ẹ fi gígùn lẹ́ǹsì (nọ́ńbà ara rẹ̀, bíi 18) pín 500. Fún kámẹ́rà Canon kékeré, èyí tí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ kéré, ẹ kọ́kọ́ sọ 18 di ìlọ́po 1.6, ìyẹn nǹkan bí 29; bí ẹ bá fi pín 500, ó ń lọ sí 17. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ayé tó ń yí á sọ ìràwọ̀ di ìrẹsì. Níbí, mo máa ń dín in kù sí 13 tàbí 15. Àbújá kò ju ìwọ̀n 9 lọ ní àríwá agbedeméjì ayé, nítorí náà àwọn ìràwọ̀ tó ń gba àtàrí wa kọjá ni wọ́n ń yára jù nínú àwòrán. Àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò bí ìlẹ̀kẹ̀ ní oṣù Kejìlá sí ìkẹta wà nínú wọn.

Ẹ ya ogún àwòrán léraléra láì yí ohunkóhun padà. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìràwọ̀ fa ìlà róbótó yí ojú kan ká, àríwá ni kí ẹ kọjú sí. Ìràwọ̀ Polaris tí wọ́n ń yí ká wà nílẹ̀ gan-an lọ́dọ̀ wa. Ẹ na apá yín síwájú, ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ gbé e lé etí ilẹ̀. Òkè ẹ̀ṣẹ́ yẹn ni Polaris wà ní Àbújá. Ní Kánò, ó fi díẹ̀ ga sí i. Igi tàbí òkè sábà máa ń bò ó, kò sì ṣe nǹkan kan, ìlà náà á ṣì yí i ká. Ẹ ya ìṣẹ́jú àáyá 30 ní ọgọ́rùn-ún ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìdúró, kí ẹ sì jẹ́ kí StarStaX, ètò kọ̀ǹpútà kan, pa wọ́n pọ̀. Ẹ jókòó ti kámẹ́rà, ẹ jẹ ẹ̀pà.

Fóònù ńkọ́?

Ó ṣeé ṣe. Ẹ wá Pro nínú kámẹ́rà fóònù yín, ISO 1600, shutter ìṣẹ́jú àáyá 15 tàbí 30, timer, kí ẹ sì fi í dúró lórí nǹkan tí kò mì. Mo ti fi àpò ìrẹsì ṣe é. Pixel 4 tí Google gbé jáde ní 2019 ní ètò tó ń ṣí ojú sí ìràwọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́rin fúnra rẹ̀. Àwòrán fóònù máa dára lójú fóònù; bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá, á ní wóró-wóró bíi gààrí Ìjẹ̀bú.

Nílé

Wóró-wóró yẹn náà ni ìdí ogún àwòrán. Bí ẹ bá fi Sequator tàbí Siril, tí wọ́n jẹ́ ọ̀fẹ́, pa àwòrán mẹ́rìndínlógún pọ̀, wóró-wóró á dín kù sí ìdá mẹ́rin ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, torí ètò náà á to àwọn ìràwọ̀ bá ara wọn nínú gbogbo wọn, wóró-wóró sì ń yí ipò padà. Ẹ wá gbé ilẹ̀ tí ẹ yà nínú àkókò aró sísàlẹ̀ rẹ̀.

Tó bá di ọ̀rọ̀ àwọ̀, ẹ fọwọ́ mú un. Mò ń rí àwòrán tí ojú ọ̀run rẹ̀ pọ́n rokírokí tó sì tún jẹ́ aró, bí àdìrẹ tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò. Ojú ọ̀run Kwali kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣókùnkùn, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ọsàn díẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tí ìlú wà, mo sì máa ń fi ọsàn yẹn sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe síbẹ̀ ní alẹ́ náà gan-an, torí ẹ ó gbàgbé. Èyí ni tèmi láti ìparí oṣù Kẹwàá kan: "Kwali. Lárúbáwá 28. Òjò rọ̀ lánàá. f/3.5, ISO 3200, àáyá 15. Iná lọ ní aago méje ó lé mẹ́wàá, gbogbo àdúgbò ṣú, ọpẹ́ ni. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tàn ní méje àbọ̀. Èyí tó dára jù wà láàárín méjèèjì."